Àwọ̀ Lọ, Sóódà Kù: Àkọsílẹ̀ Omi Aró Kan ní Múṣin

Múṣin ni ilé-iṣẹ́ kàmpálà yìí wà, nínú agboolé kan tí gọ́tà gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pa aṣọ láró. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, omi tí wọ́n ń dà nù lọ́jọ́ kan máa ń tó 200 lítà, ká má tíì ka omi gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ àbẹ́là kúrò lára aṣọ. Lọ́jọ́ Ajé gọ́tà á dúdú, lọ́jọ́rú á pọ́n bí zóbò. Àwọn aládùúgbò ń kùn, onílé náà sì ti fẹnu bà á lẹ́ẹ̀mejì. Omi gọ́tà Múṣin kì í sì í dúró ní Múṣin: kánáàlì ló ń já sí, kánáàlì ló ń gbé e lọ sínú ọ̀sà.

Ọmọ àbúrò ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ń kọ́ kẹ́mísìrì nílé ẹ̀kọ́ gíga. Òun ló gbé ike kékeré kan wá, ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀, ó ní ìyẹ̀fun yìí àti oòrùn ni yóò jẹ àwọ̀ inú omi náà run. Kò parọ́. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dáa, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò mọ̀.

Zinc oxide ni ìyẹ̀fun náà, ZnO. Ẹ̀rún rẹ̀ kéré débi pé nánómítà la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá gé mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Bó ṣe ṣe é nìyí: gíráàmù 21.95 zinc acetate (irú èyí tí omi méjì wà lára rẹ̀) yọ́ nínú ìdajì lítà omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀. Gíráàmù 8 sóódà (caustic soda, NaOH) yọ́ nínú ìdajì lítà mìíràn. Wọ́n ń kán omi sóódà sínú èkejì díẹ̀díẹ̀ fún bíi wákàtí kan, wọ́n sì ń rò ó láìdáwọ́ dúró, títí ó fi funfun bíi wàrà. Wọ́n jẹ́ kó tòrò, wọ́n fọ gẹ̀dẹ̀gẹdẹ̀ náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọ́n gbẹ ẹ́ ní 80°C mọ́jú, wọ́n wá sun ún nínú ààrò iná mànàmáná ní 400°C fún wákàtí méjì. Bí ohunkóhun ò bá ṣòfò, gíráàmù 8.1 ló yẹ kó jáde. Ibi méjì ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́. Bí sóódà bá lé, funfun tó ti wá náà á tún yọ́ padà sínú omi. Bí wọn ò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, acetate á kù sára rẹ̀, iná ò sì ní jó gbogbo rẹ̀ tán. Tí ìyẹ̀fun bá jáde láti inú ààrò pẹ̀lú àwọ̀ eérú, ìdí nìyẹn.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò le. Bí ìtànṣán tó lágbára bá bà lé ẹ̀rún náà, elẹ́kítírọ́ọ̀nù kan (ẹyọ bíńtín inú átọ́ọ̀mù tó ń gbé agbára iná) á fò kúrò ní àyè rẹ̀, àyè òfìfo á sì ṣẹ́ kù. Àyè òfìfo yẹn á já elẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn gbà lára omi, ohun tí omi á sì dà ni hydroxyl radical: ebi ń pa á, kì í yan oúnjẹ, ohun tó bá kọ́kọ́ kàn ló ń bù jẹ. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fò ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ́síjìn inú omi tó máa gbà á. Bí kò bá rí i, ṣe ló máa padà sínú àyè rẹ̀, ooru lásán ni gbogbo rẹ̀ á já sí. Ìyẹ̀fun náà kì í tán nínú iṣẹ́ yìí, ìdí tí a fi ń pè é ní amúṣẹ́yá nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, bí a ó ṣe rí i, ó lè tán lọ́nà mìíràn. Láti 1972 tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì méjì, Fujishima àti Honda, ní Japan ti fi hàn pé titanium dioxide, TiO2, lè fi ìmọ́lẹ̀ ya omi sí ọ́síjìn àti háídírójìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbilẹ̀.

Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó ń jí ZnO kò gbọ́dọ̀ gùn ju nǹkan bí 368 nánómítà lọ. Ti TiO2 irú anatase (ọ̀nà kan tí ohun inú ẹ̀rún TiO2 ń gbà tò) jẹ́ nǹkan bí 387. Ojú èèyàn kì í rí i, ultraviolet ni wọ́n ń pè é. Nínú gbogbo oòrùn tó ń ràn lé wa lórí l'Ékòó, ìdá 4 tàbí 5 nínú 100 péré ló jẹ́ irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn, ó ṣì ń bọ̀ wá dá nǹkan sílẹ̀ níwájú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bu lítà 10 nínú ìdí aró tó ṣẹ́ kù sínú báàsìnì. Kì í ṣe omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ o, ògidì aró ni, sóódà àti haidirọ́ọ̀sì (sodium hydrosulphite, ìyẹ̀fun tí àwọn aláró ń fi yọ́ aró) ṣì kún inú rẹ̀. Wọ́n da gíráàmù 5 ZnO sí i, wọ́n rò ó, wọ́n gbé e sí oòrùn ní aago mẹ́wàá. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí omi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọ̀ dà, láti dúdú sí àwọ̀ ewé tó ń lọ sí ìyeyè. "Màmá, ẹ wá wò ó!" Ìyá wá wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó fi igi ìro-aró kan ojú omi náà, ó gbé igi sókè. Láàárín bíi ìṣẹ́jú kan, ibi tó tutù lára igi náà ti dúdú padà. "Aró mi nìyí," ni ìyá wí. "Kò kú, ó sùn ni."

Ìyá ló jàre ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ti fa aṣọ jáde láti inú ìkòkò aró rí mọ̀ pé aṣọ náà máa ń kọ́kọ́ jáde bí ewé, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú. Haidirọ́ọ̀sì ló ń bọ́ àwọ̀ kúrò lára aró irú yìí kó lè yọ́ nínú omi sóódà; atẹ́gùn ló ń dá àwọ̀ padà. Rírò tí wọ́n rò ó ló kó haidirọ́ọ̀sì tó wà nísàlẹ̀ dé òkè. ZnO ò tíì ṣe nǹkan kan. Ká ní wọ́n bo báàsìnì mìíràn pẹ̀lú ọ̀rá dúdú, kí wọ́n rò ó bákan náà láìfi ìyẹ̀fun sí i, ohun kan náà ni wọn ì bá rí.

Àmì ẹ̀tàn kejì yọ lọ́jọ́ kejì. Omi ti dúdú padà, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tó yẹ kó wà nídìí báàsìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì. Zinc oxide kì í bá ásíìdì líle gbé, kì í sì í bá sóódà líle gbé. Méjèèjì ló ń yọ́ ọ. Nínú omi tí sóódà rẹ̀ tó gíráàmù 40 sí lítà kan, ìdajì gíráàmù ZnO lè yọ́ tán pátápátá. Gíráàmù 5 inú lítà 10 jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 400 síǹkì nínú lítà kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé 3 ni òdiwọ̀n omi mímu ní Nàìjíríà. Omi gọ́tà kì í ṣe omi mímu, a mọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń fọ omi kò gbọ́dọ̀ fi síǹkì kún un.

Ìkẹta ló burú jù. Wọ́n ní kí wọ́n dín agbára sóódà kù, wọ́n da ásíìdì bátìrì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín tó ń ta nímú gan-an rú sókè, ọmọkùnrin tó ń dà á sá jáde kúrò nínú agboolé pẹ̀lú ikọ́. Haidirọ́ọ̀sì àti sulphite tí ó máa ń fi sílẹ̀ ló bá ásíìdì pàdé, ohun tí wọ́n bí ni sulphur dioxide. Bó bá jẹ́ aró onísọ́fà (sulphur dye) ni, afẹ́fẹ́ mìíràn ni ì bá jáde, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó jẹrà, tó sì lè pa èèyàn ní àyè tí kò sí atẹ́gùn. Nígbà tí èéfín lọ tán, funfun ṣùṣù kan ṣù nínú omi náà, ó wọ́ àwọ̀ wálẹ̀, òkè omi mọ́ kedere. Inú gbogbo èèyàn dùn. Síǹkì tó yọ́ lánàá ló padà di ìyẹ̀fun, tó sì fà aró lọ́wọ́ lọ sísàlẹ̀. Kò sí ohun tó fọ́. Aró ṣì wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹdẹ̀ náà ní odindi.

Bí wọ́n ṣe tún un tò nìyí, ètò náà sì ṣe pàtàkì ju irú ìyẹ̀fun lọ.

Wọ́n kọ́kọ́ ya omi sọ́tọ̀. Omi tí wọ́n fi yọ àbẹ́là kì í wọ ibẹ̀ mọ́, torí ọ̀rá rẹ̀ máa ń bo ẹ̀rún, ìmọ́lẹ̀ ò sì ní dé ara rẹ̀; wọ́n ń jẹ́ kó tutù, wọ́n ń ká àbẹ́là lójú rẹ̀, wọ́n ń tún un lò. Omi ìṣanṣọ kẹta, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ń di omi ìṣanṣọ àkọ́kọ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Èyí nìkan sọ 200 lítà di nǹkan bí 80, kò sì ná wọn ju dúrọ́ọ̀mù méjì lọ. Lójú tiwa, bí ẹnì kan ò bá ní ṣe ju èyí lọ, ó ti ṣe púpọ̀.

Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn. Wọ́n da ìdí aró àti omi ìṣanṣọ àkọ́kọ́ papọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù ẹlẹ́nu gbígbòòrò, wọ́n ki ọ̀pá pọ́ǹpù kékeré tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ń lò bọ inú rẹ̀, ó di ọjọ́ kejì. Bí iná bá lọ, wọ́n á máa fi igi rò ó ní wákàtí-wákàtí. Aró á gba àwọ̀ rẹ̀ padà, kò sì ní lè yọ́ mọ́, yóò rọra jókòó sísàlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú aró náà kúrò níbí láìlo ìyẹ̀fun kankan. Gẹ̀dẹ̀gẹdẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sẹ́ nínú aṣọ, wọ́n ń sá a gbẹ lórí ọ̀rá, wọ́n sì ń dì í pa mọ́ sínú àpò. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbá a sínú gọ́tà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé haidirọ́ọ̀sì ti tán? Wọ́n á bu ìwọ̀n ife kékeré kan nínú omi náà lọ síta gbangba, wọ́n á kán fínígà sí i títí bébà pH (bébà tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ásíìdì tàbí sóódà inú omi ṣe lágbára tó, 7 ni àárín) á fi sọ pé ó wà láàárín 6 sí 7, kí wọ́n tó kán ayodíìnì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì sí i lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọ̀ ayodíìnì náà bá pòórá, nǹkan ṣì kù nínú omi. Bó bá dúró, ó ti tán. Ẹ má fo ti fínígà o: sóódà fúnra rẹ̀ máa ń pa àwọ̀ ayodíìnì, yóò wá dà bí ẹni pé haidirọ́ọ̀sì ṣì wà, wọ́n á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lásán.

Ìgbà yìí ni ásíìdì kàn. Omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 12, tó sì tó 100 lítà, gba nǹkan bí mílílítà 110 ásíìdì bátìrì. Bó bá jẹ́ 13, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Ẹ rí i pé nọ́ńbà kan péré ló fi yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Inú omi ni wọ́n ń da ásíìdì sí, díẹ̀díẹ̀, wọn kì í da omi sórí ásíìdì. Ìgbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, awò lójú, ìta gbangba. Wọ́n dúró nígbà tí pH wà láàárín 7 sí 8.

Bí omi bá ti dé ibẹ̀, ZnO lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí TiO2 ṣáá, torí òun kì í bá sóódà yọ́, ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì gbàgbé láti wo pH kò jìnnà. Irú tí ilé ìwádìí ń pè ní P25 ni: nǹkan bí 80 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ anatase, ìyókù jẹ́ rutile, irú ìtò TiO2 mìíràn, ẹ̀rún rẹ̀ sì wà ní bíi nánómítà 21. TiO2 tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ro ọ̀dà ń funfun bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí. Rutile tí wọ́n ti fi nǹkan bò lára kí ó má bàa jẹ ọ̀dà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, wọ́n dìídì pa á ní agbára.

Páànù rọ́bà aláìjìn méjì ni wọ́n lò, mítà kan ní gígùn, ìdajì mítà ní fífẹ̀. Lítà 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó sẹ̀ǹtímítà 4. Gíráàmù 10 TiO2 lọ sínú páànù kan, ìyẹn ìdajì gíráàmù sí lítà. Bí wọ́n bá fi sí i ju bíi gíráàmù kan sí lítà lọ, omi á funfun bí ògì, ojú rẹ̀ á máa ta ìmọ́lẹ̀ padà, ìsàlẹ̀ ò sì ní rí nǹkan. Kí wọ́n tó da omi sí i, wọ́n á bu omi náà sínú ife gíláàsì kan títí yóò fi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 4. Bí wọn ò bá lè ka lẹ́tà ìwé ìròyìn tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi omi ìṣanṣọ kejì là á. Omi dúdú máa ń gba ultraviolet jẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rún.

Wọ́n á fi ọ̀rá dúdú bo páànù, wọ́n á rò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí aró tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀rún lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á bu ìgò kékeré kan níbẹ̀. Òun ni ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe omi tí wọn ò tíì fi nǹkan sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí i sí oòrùn, aago mẹ́wàá sí aago mẹ́ta, pọ́ǹpù atẹ́gùn á sì wà nínú rẹ̀. Páànù kékeré kan tí ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀rá dúdú bò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn wà nínú oòrùn láìsí ìyẹ̀fun. Láìsí àwọn méjì yìí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé oòrùn àti TiO2 ló ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni òjò fẹ́ rọ̀, ẹnì kan sì fi páànù òrùlé tó ń dán bí gíláàsì, irú polycarbonate tí wọ́n fi ń ṣe ibùdó mọ́tò, bo orí páànù méjèèjì. Oòrùn tàn gbádùn lọ́jọ́ kejì, ojú ń rí i kedere nínú omi, àwọ̀ ò yẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Polycarbonate ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kọjá, ó sì ń dí ultraviolet lọ́nà fẹ́rẹ̀ẹ́ pátá. Ọ̀rá funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n wá ń fi bò ó báyìí, òun ń jẹ́ kó kọjá. Ọyẹ́ náà ń fa irú ìdíwọ́ yìí, ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò àkókò wà níbí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ká ní ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìdajì àwọ̀ tó bá kù ló ń lọ. Kí ó tó ku ìdá 10 nínú 100, yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 200. Kí ó tó ku ẹyọ kan nínú 100, ìṣẹ́jú 400, èyí tó ju oòrùn dídára ọjọ́ kan lọ. Nítorí náà, omi tó bá ṣì ní àwọ̀ díẹ̀ ní aago mẹ́ta ń dúró de ọ̀la.

Kíkó ìyẹ̀fun náà padà ti sú wọn díẹ̀. Aṣọ kò lè sẹ́ ẹ, bébà ìsẹ́ kọfí pàápàá ò lè sẹ́ ẹ. Wọ́n kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù sí i. Ó tòrò lóòótọ́, àmọ́ álọ́ọ̀mù bo TiO2 mọ́lẹ̀ bí ẹ̀kọ, kò sì wúlò mọ́. Ohun tó ṣe é ni kí wọ́n rọra dín pH kù sí nǹkan bí 6.5. Níbẹ̀ ni ara ẹ̀rún TiO2 kò ní agbára iná kankan tí wọ́n á fi máa lé ara wọn, wọ́n á dì mọ́ra, wọ́n á sì jókòó sísàlẹ̀ mọ́jú. Wọ́n ń bu omi òkè kúrò, wọ́n ń da omi tuntun lé ìyẹ̀fun tó kù. Tútù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀: gbígbẹ rẹ̀ ń fò, kò sì yẹ kéèyàn máa fà á símú. Ohun tí wọ́n ń gbèrò láti ṣe ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn táìlì tí kò ní dídán, kí wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n sun ún ní 450°C. Yóò falẹ̀ ju ìyẹ̀fun tó ń léfòó lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò máa lé e kiri.

Omi tó ti mọ́ lójú kò tíì kúrò lábẹ́ ìfura. Bó bá jẹ́ aró azo (irú èyí tí átọ́ọ̀mù náítírójìn méjì so apá rẹ̀ pọ̀) ló wà nínú rẹ̀, pípín tó bá pín sí méjì ti tó láti pa àwọ̀ rẹ̀, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní amine tó sì jáde, tí òmíràn nínú wọn burú ju aró lọ, kò ní àwọ̀. Omi náà gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú oòrùn lẹ́yìn ìgbà tí àwọ̀ ti lọ. Ilé ìwádìí ń fi COD wò ó, ìyẹn ìwọ̀n ọ́síjìn tí ìdọ̀tí tó ṣì kù nínú omi máa gbà kó tó jóná tán. Ní ṣọ́ọ̀bù, àlùbọ́sà ni: márùn-ún lórí omi ẹ̀rọ, márùn-ún lórí omi páànù, ìdí wọn kan omi, ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n á fi rúlà wọn gbòǹgbò. Bí ti páànù bá kúrú púpọ̀ ju ti omi ẹ̀rọ lọ, tàbí tí ẹnu gbòǹgbò rẹ̀ bá dúdú, omi náà padà sínú oòrùn. Iyọ̀ inú omi náà, ìyẹn sulphate tí haidirọ́ọ̀sì àti ásíìdì fi sílẹ̀, kò sí oòrùn tó máa mú un kúrò, ó sì lè kúrú gbòǹgbò fúnra rẹ̀. Wọ́n ń fi omi ìṣanṣọ kẹta là á kí wọ́n tó tún un wò.

Lítà 40 ni páànù méjèèjì ń gbà lójúmọ́. Lítà 80 lọ́jọ́ iṣẹ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, jẹ́ 240, ìyẹn ọjọ́ mẹ́fà oòrùn nínú ọjọ́ méje. Bí òjò Okúdù bá dé, kò ní sí ọjọ́ mẹ́fà oòrùn. Ìyá ti ní kí wọ́n wá àyè fún páànù kẹta àti ìkẹrin lórí dẹ́kì ilé náà, onílé sì ní òun á kọ́kọ́ rí i bí wọ́n ṣe máa gbé omi gun àtẹ̀gùn láìta á sílẹ̀.